Ìdáhùn Kan Náà, Ìwé Méjì

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025

A ṣe ìdánwò ìṣirò Línía lónìí. Mátíríìsì, mátíríìsì — nọ́ńbà tí wọ́n tò ní ìlà àti òpó bí ìgbà tí èèyàn bá to ẹyin sínú kéréètì. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn: ìdọ́gba mẹ́ta, wá x, wá y, wá z. Tèmi jáde: x jẹ́ 1, y jẹ́ 11, z jẹ́ −6. Kò sí ìdá kankan nínú ẹ̀. Inú mi dùn.

Kàrí jókòó tì mí bí ìṣe rẹ̀. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ lápá ọ̀tún. Mi ò ṣí ìwé mi fún un. Mi ò sì bò ó.

Ìṣẹ́gun, 6

Ooru. Bẹ́ẹ̀dì kan, fáànù kan, dígí kan, èmi àti Kàrí. Kareemat ni wọ́n sọ ọ́, ọmọ Bùọ̀dá Yísà, àbúrò bàbá mi, ní Simawa. Nígbà tí a jọ wọ yunifásítì ni Àlájà, ìyá bàbá wa, ní kó wá máa gbé ọ̀dọ̀ wa ní Ìjọkù. Láti ọjọ́ náà: ẹ jọ lọ, ẹ jọ bọ̀. A jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà. A jọ ń jẹun. Mi ò rántí ìgbà tí mo dá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá gbẹ̀yìn.

Bàbá àti màmá mi wà ní Kánò nídìí obì. Èyí tí wọn ò tíì kó lọ ló kún pálọ̀ títí dé ẹnu yàrá wa. Kí n tó jáde, mo ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín apẹ̀rẹ̀. Aṣọ mi ń rùn bí obì tútù. Irun mi náà.

Jímọ́, 9

Dókítà Óyéyín, olùkọ́ Línía wa, ò tíì dá ìwé wa padà. Kàrí ń bi mí léraléra bóyá òun máa yege, bíi pé èmi ni mo ń máàkì.

Ajé, 12

Ó ti bàjẹ́.

Óyéyín pe èmi àti Kàrí sí ọ́fíìsì. Dókítà Lásúnkànmí lorúkọ rẹ̀ gan-an, èmi ni mo sọ ọ́ ní Óyéyín nítorí pé yóò ní “ó yé yín?” yóò sì ti máa pa bọ́ọ̀dù rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Ìwé wa méjèèjì wà lórí tábìlì. Ó ní 1, 2, 3 ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ó ní gbogbo kíláàsì ló ṣì í lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n àwa méjì ṣì í bákan náà, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn.

Ó ní, “Ẹnì kan wo ẹnì kejì. Ta ni?”

Ó wò mí. Ó wo Kàrí. Ó ní ó dáa, ọ̀rọ̀ náà di ti ìgbìmọ̀ ẹ̀ka. Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n á gbọ́ ti oníkálùkù, wọ́n á sì fún oníkálùkù ní ìbéèrè tuntun lójú bọ́ọ̀dù.

Kàrí sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi délé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un lọ́dún tó kọjá nítorí máàkì rẹ̀ tí kò tó. Bí ohunkóhun bá tún ṣẹlẹ̀, ó ti jáde nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 13

Ẹkún Kàrí ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlájà. Wọ́n ń ṣa obì nínú pálọ̀, wọn ò gbójú sókè. Bí inú bá ń bí wọn, Rẹ́mọ ẹnu wọn máa ń ki débi pé èmi tí mo dàgbà sọ́dọ̀ wọn gan-an ní láti tẹ́tí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé èmi ni mo mọ ìṣirò, kí n kọ́ àbúrò mi kó tó di ọjọ́ náà, kí àwa méjèèjì lè bọ́.

Àbúrò mi kẹ̀! Kàrí fi oṣù mélòó kan jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, ẹni tó bá mọ nǹkan ṣe ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń gbé ẹrù.

Mo ní, “Ó dáa, mà.”

Ọjọ́bọ̀, 15

A sọ ògiri ẹ̀yìn kíṣìnì di bọ́ọ̀dù. Mo ní: má wo ohun mẹ́ta tí o kò mọ̀ pa pọ̀. Lé x kúrò nínú ìlà kejì. Lé e kúrò nínú ìlà kẹta. Wá lé y. Bó bá ku z nìkan, kò ríbi sá sí mọ́. Mo kọ́ ọ kó máa fi ọfà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kó lè mọ èyí tó yọ kúrò nínú èyí.

Ó yé e. Ó yé e ní ti gidi! Ó ní kí ló dé tí n kì í ṣàlàyé báyìí tẹ́lẹ̀. Mo ní kò bi mí rí. Kó jókòó tì mí ló máa ń ṣe.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi nọ́ńbà mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní méje mi dà bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Òun máa ń fi ìlà de tirẹ̀ nínú bí ìgbà tó de bẹ́líìtì.

Àìkú, 18

Kàrí yanjú gbogbo ìbéèrè tí mo kọ sára ògiri láìbi mí ní nǹkan kan. A jó nínú kíṣìnì. Àlájà fọwọ́ lu apẹ̀rẹ̀ pé ṣé orí wa pé.

Yàrá yìí ò fún mọ́ mi lónìí.

Ìṣẹ́gun, 20

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kàrí ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo dúró síta. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lójú bọ́ọ̀dù, ó mọ́ tónítóní, ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọfà mi. Inú mi kọ́kọ́ dùn.

Ìyá àgbàlagbà kan ló jẹ́ alága. Ohùn wọn tutù. Wọ́n ní, “Fàdìlàt, Kareemat ti sọ fún wa pé ìwọ lo wo ìwé òun. Kí lo rí sọ?”

Mo wo Kàrí. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Mo ní irọ́ ni. Ó jáde lẹ́nu mi bí ìgbà tí ọmọdé bá ń ṣàwáwí. Wọ́n ní kò burú, wọ́n pa bọ́ọ̀dù rẹ́, wọ́n kọ ìbéèrè mi síbẹ̀, wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀kì.

Mi ò lè ṣe é.

Èmi! Ìbéèrè tí mo lè fi ojú ṣe. Etí mi dí. Mo kọ ìlà àkọ́kọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Mo fẹ́ fi ọfà sí i, mo rántí ọfà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́. Ọwọ́ mi kọ̀. Óyéyín ń fi bírò kan tábìlì. Nígbà tó yá, ìyá yẹn ní, “Ó tó. Lọ jókòó.”

Kí n tó délé, ìgbìmọ̀ ti sọ ìpinnu wọn: kí n lọ jókòó sílé fún ọdún kan. Kàrí, kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 21

Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 22

Kàrí ń ká aṣọ mi. Mi ò rán an. Ó ń ká a, ó ń tún un ká. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò yíjú sí mi: “Ìwọ, ọdún kan ni, Fàdí. Wàá padà. Èmi, wọn ò ní gbà mí padà láéláé.”

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti pinnu ẹ̀. Ó ní kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ijó tí a jó nínú kíṣìnì.

Àlájà pè mí nírọ̀lẹ́. “Ṣé ìwọ lo ṣe é?” Kàrí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ike omi dání, kò sọ ọ́ kalẹ̀, kò sì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣa obì. Àlájà mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta, ọdún kan á kọjá.

Kò síbi tí mo lè lọ. Bí mo bá wọ yàrá, Kàrí ni. Bí mo bá bọ́ sí pálọ̀, obì àti Àlájà. Ilé ìwé, wọ́n ti lé mi. Màmá mi pè láti Kánò, mo ní iná ò sí, fóònù mi fẹ́ kú.

Àbámẹ́ta, 24

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo mú ìwé ìbéèrè, mo tún eléyìí tó gbẹ̀yìn ṣe. 1, 2, 3. Mo tún un ṣe. 1, 2, 3. Kò sí ọ̀nà tí mo gbà tó gbé mi dé 11. Báwo ni mo ṣe ṣì í? Èmi ni mo ṣì í, mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ajé, 26

Mo dá wọ kẹ̀kẹ́. Àlájà wà ní ẹ̀yìnkùlé, Kàrí ń wẹ̀. Mi ò dágbére.

Óyéyín ní ìgbìmọ̀ ti parí ọ̀rọ̀ mi. Mo ní mo mọ̀, sà, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é níwájú ẹ̀yin nìkan. Kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Èyí tí mo ṣì ni. Ó wo aago, ó nawọ́ sí bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lára ògiri rẹ̀.

Mo kọ ìdọ́gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an nígbà tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

“Ó ti tún bàjẹ́. Kí ni oókan ń wá ní ìlà kejì?”

“Oókan wo, sà?”

“Lẹ́gbẹ̀ẹ́ z.”

“Eéje ni, sà.”

Ó dìde. Ó súnmọ́ bọ́ọ̀dù, ó tún sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló ṣí dúróà, ó yọ ìwé wa méjèèjì jáde. Mo rí i kó tó fi hàn mí. Lókè ìwé tèmi, níbi tí mo da ìbéèrè kọ, méje tí kò lórí, gbọọrọ bí igi. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú mátíríìsì, èmi fúnra mi ti kà á sí 1, mo sì bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé òpin.

Lókè ìwé Kàrí, méje ńlá, tó de bẹ́líìtì. Nísàlẹ̀ rẹ̀, 1. Kò síbi tó ti wá, àfi inú ìwé tèmi.

Óyéyín ò bi mí bóyá ó yé mi. Ó jókòó. Ó ní òun ló yẹ kó ti rí i. Ó tún ní, “Bí mo bá gbé èyí lọ bá ìgbìmọ̀, ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọmọ yẹn?”

Mo ní mo mọ̀, sà.

“Ṣé kí n gbé e lọ?”

Mo rò ó pé bí mo bá ní rárá, gbogbo ilé ni yóò fẹ́ràn mi.

Mo ní, “Ẹ gbé e lọ, sà.”

Ìṣẹ́gun, 27

Èmi ni mo sọ fún Kàrí, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo rò pé yóò pariwo. Ó kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Eéje?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Jímọ́, 30

Wọ́n ti dá mi padà. Màá tún ìdánwò ṣe. Wọ́n lé Kàrí.

Ilé ìwé ló pe Àlájà ní fóònù, èmi kọ́ ni mo sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ tán, wọ́n kàn padà sídìí obì.

Àbámẹ́ta, 31

Bùọ̀dá Yísà wá láti Simawa, wọ́n fẹ́ kó ẹrù Kàrí. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n jókòó láàárín apẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ nu ojú, wọ́n ní Kàrí fẹ́ tún JÁM̀BÙ ṣe, kó wọ ilé ìwé mìíràn. Wọ́n ní ó sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ́ òun tí ìṣirò fi yé òun. “Fàdìlàt, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín. Bó o bá ń wá sí Simawa lọ́jọ́ Àìkú, kí o máa kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ yìí á tán nílẹ̀.”

Gbogbo wọn ń wò mí. Kàrí náà wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ìgbìmọ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ó ti wà lẹ́nu mi gan-an: ó dáa, sà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Rárá.”

Bùọ̀dá Yísà wo Àlájà. Mo ń retí kí wọ́n jágbe mọ́ mi. Àlájà fi ewé bo apẹ̀rẹ̀ tó wà níwájú wọn. Wọ́n ní, “Yísà, o ti gbọ́ ohun tó wí.” Ó tán. Wọ́n nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀ mìíràn.

Kàrí fúnra rẹ̀ ló ru báàgì rẹ̀. Nígbà tó ń kọjá lára mi, ó dúró díẹ̀. Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò sì bẹ̀ mí. Ó ní, “O mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn o.” Ó jáde.

Mo ń kọ èyí lórí bẹ́ẹ̀dì, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mi ò tíì mọ̀ bóyá inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Lójú gbogbo wọn, ó jáde lẹ́nu mi, mi ò sì gbé e mì.