Àròkọ Inú Agolo Róbótó

Kirrily ọmọ mi,

Gbogbo ilé ló ń kí ọ. Bàbá rẹ ń kí ọ, ajá ń kí ọ, ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gbé abẹ́ táǹkì omi náà ń kí ọ, torí ó ti ń ké láti àárọ̀, mo sì gbà pé ìwọ ló ń béèrè. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí Sydney má fi ariwo rẹ̀ dí ọ létí, kí ọkọ̀ ojú irin má gbé ọ kọjá ibi tí ò ń lọ, kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sì rí ohun tí àwa rí lára rẹ. Tó o bá béèrè wa, a wà. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ, bàbá rẹ sì dúró síta nínú rẹ̀ láìdé fìlà bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Àlìkámà ti ń pọ́n. Lọ́sàn-án báyìí, tí oòrùn bá ti mú, gbogbo pápá a máa gbọ̀n lójú ẹni bí omi, àwọn àgùntàn á dà bí ohun tó ń léfòó, èmi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé òfin lórí itan, mi ò ní mọ̀ mọ́ bóyá èmi ni mò ń ka ìwé ni àbí ìwé ló ń kà mí.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rù sì ń bà mí. O ti bi mí lórí fóònù pé kí ni màmá rẹ fẹ́ fi ìdánwò òfin àwọn ọmọ girama ṣe lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo sì fi ẹ̀rín gbé e kọjá torí bàbá rẹ wà nítòsí. Ó ti lọ wo ọgbà báyìí, màá sọ ọ́.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ìjọba kọ̀wé pè mí sí ilé ẹjọ́ nílùú ńlá pé kí n wá wà lára àwọn ará ìlú méjìlá tó ń gbọ́ ẹjọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló jókòó síwájú wa nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró. Ìyá rẹ̀ ló lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, mo máa ń dá ọwọ́ ìyá mọ̀ lára ọrùn ẹ̀wù. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní òun rí ojú ọmọ náà lẹ́bàá títì. Ó ní òun ń wakọ̀ lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ni. Kirrily, ìwọ náà ti wakọ̀ lọ sí ìhà yẹn nírú àkókò yẹn. Ta ló ń rí nǹkan kan? Iná lásán ni, tó kún gbogbo gíláàsì, débi pé o ò ní rí màlúù tó bá dúró síwájú rẹ. Ìbéèrè yẹn wà lẹ́nu mi. Ohun tí a sọ nínú yàrá tí a ti fohùn ṣọ̀kan, òfin ò gbà kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ ọ́ fún bàbá rẹ tó ti fi tíì tàn mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí n má sọ ohun tí mi ò sọ. Mi ò sọ ọ́. Àwọn tó yí mi ká ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kàwé, mo sì rò pé tí mo bá lanu, wọ́n á gbọ́ ọ nínú ohùn mi pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo wà tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ máa se oúnjẹ fún àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn. Mo gbé ìbéèrè náà mì. Wọ́n rán ọmọ náà lọ sẹ́wọ̀n. Ìbéèrè yẹn ṣì wà nínú mi dòní, kò dà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi forúkọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ìwé kan wà tó sọ pé mo lè lanu.

Ọdún àkọ́kọ́ mi nìyí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, nǹkan sì ti yí padà. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé sínú ẹ̀kọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, ó kọ́kọ́ ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ẹ̀kọ́ òfin, mo mọ̀ pé ìbúra nìyẹn, ìbúra kì í sì í ṣe ohun ẹ̀rín, mo wá pe bàbá rẹ kó wá ṣe ẹlẹ́rìí mi. Ó ronú títí, ó ní òun ò lè jẹ́rìí sí i, pé láti ìgbà tí òun ti fẹ́ mi òun ò tíì rí mi kí n jókòó sinmi. Mo bá dá búra fúnra mi. Ẹ̀rọ náà ò gbà mí gbọ́, ó ní kí n fi ọwọ́ kan gbogbo àwòrán tí iná ojú pópó wà nínú rẹ̀, èmi tó jẹ́ pé iná ojú pópó tó sún mọ́ wa jù lọ, ìrìn wákàtí méjì ni. Mo kùnà lẹ́ẹ̀kan, orí mi gbóná, mo rò pé ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ wa, Míìsì Oakes, máa ń yọjú nínú kọ̀ǹpútà. Ó kéré sí ọ, ó sì ní kí n máa pe òun ní Tamsin, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á. Mo máa ń gbálẹ̀ ilé ìdáná kó tó dé, mo sì máa ń gbé ife tíì kan síwájú rẹ̀. Kò mu ún rí. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí àlejò jókòó lásán. Ó ní àròkọ ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò yìí, pé àwọn tó ń máàkì ò ní mọ orúkọ wa, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n máa rí. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ara mi balẹ̀. Mo ní ṣebí bí tàwọn kéèkì wa nìyẹn.

O mọ̀ pé ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń bójú tó tábìlì kéèkì níbi àfihàn iṣẹ́ àgbẹ̀ wa. Kò sí orúkọ lára abọ́, nọ́ńbà ni. Onídàájọ́ á wọ aṣọ funfun, á fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé e, á wo àárín rẹ̀ bóyá ó jiná, á tọ́ ọ wò, èmi á kọ káàdì. Kò sì sí obìnrin tó ń gbé ìyẹ̀fun wá síbẹ̀ wá pò. Ilé lo ti máa yan tìẹ, tó o bá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, yóò tún gbó dáadáa sí i. Nítorí náà mo yan àròkọ mi nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ ọ́, lórí àwọn ará ìlú méjìlá yẹn àti bí wọ́n ṣe jẹ́ òpó ìdájọ́ òdodo. Mo fi ìwé tó dára kọ ọ́, mo fi aṣọ tíńrín bò ó, mo lọ̀ ọ́ kó má bàa ká, mo gbé e sínú agolo kéèkì, mo sì gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ ìdánwò ìgbáradì nínú oṣù kẹjọ.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà ní kí n ṣí agolo. Ó wo inú rẹ̀, ó wo ojú mi. Mo ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, pé ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́, mo lè búra. Ó rọra sọ fún mi pé inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ìyá, lójú aago, lórí ìbéèrè téèyàn ò tíì rí rí. Ìtìjú bò mí. Mo fi agolo sílẹ̀ síta láàárín báàgì àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún. Ṣùgbọ́n mo ti há àròkọ náà sórí, mo jókòó, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìsí àṣìṣe kan. Ìbéèrè tó wà nínú ìwé, lórí àwọn ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀ sófin ni. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ wò ó.

Mo gba mẹ́fà nínú márùndínlọ́gbọ̀n. Míìsì Oakes kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ó kọ dáadáa. Kì í ṣe ohun tí wọ́n béèrè." Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi ti kọ irú rẹ̀ rí, sórí káàdì, fún Doreen Pascoe tó wà lódìkejì odò. Wàá rántí. Ìwé ètò àfihàn náà sọ pé agolo onígun mẹ́rin ni kí wọ́n fi yan kéèkì èso, Doreen fi agolo róbótó yan tirẹ̀, onídàájọ́ ò tiẹ̀ gé e, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò bá ìwé ètò mu. Doreen ò kí mi fún ọdún mẹ́jọ.

Bàbá rẹ tí kò lè pa ẹnu dé lọ sọ máàkì mi níbi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ ajá. Nígbà tó di Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Doreen dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kéèkì róbótó lọ́wọ́, ó ní ìyá adájọ́, òun gbọ́ pé wọ́n ti lẹ káàdì mọ́ èmi náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ó dùn mí. Mo ní ó dùn mí. Ó ní ó dáa, kí n gbé ọ̀bẹ wá. A jẹ ẹ́, Kirrily, ó sì dùn ju gbogbo onígun mẹ́rin tí mo ti gbé òdòdó àmì-ẹ̀yẹ lé lọ́dún náà lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun ti mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Doreen ti ń bọ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò mọ òfin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìyà ẹni tí kò ka ìwé ètò bíi tirẹ̀. Ó gba àwọn ìbéèrè àtijọ́ lọ́wọ́ Míìsì Oakes, ó gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó kó wọn sínú agolo bísíkíìtì. Èmi á fa ọ̀kan, òun á yí aago ilé ìdáná sí ogójì ìṣẹ́jú. Mi ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan àfi tí mo bá kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ nínú ìbéèrè. Tó bá ní kí n ṣàpèjúwe, kí n sọ ohun tó wà nínú kéèkì ni. Tó bá ní kí n ṣàgbéyẹ̀wò, kí n gé e, kí n sọ bóyá ó jiná dé àárín, kí n sì mú ẹ̀rí wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sunkún sórí ìwé. Doreen ní kí n máa sunkún lọ, aago ò dúró.

Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, oorun gbé mi lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i tí àwọn méjì tó wọ aṣọ funfun ń bọ̀ láàárín àlìkámà, wọn ò tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, wọ́n gbé àròkọ mi sórí abọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé e, àárín rẹ̀ tutù, ó ń ṣàn bí ẹyin. Àwọn ayékòótọ́ aláyà pupa wà lórí wáyà, méjìlá ni wọ́n, wọn ò fọhùn. Ọmọkùnrin yẹn sì jókòó lẹ́bàá táǹkì omi nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró rẹ̀, kò bínú, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Ó ní, "Mà, kí lẹ fẹ́ béèrè nígbà yẹn?" Mo lanu láti dá a lóhùn, ọ̀pọ̀lọ́ ló ké, mo sì jí.

Àná, mo tún fa ìwé nínú agolo. Ohun tó jáde ni pé kí n ṣàgbéyẹ̀wò bí àwọn ará ìlú méjìlá ṣe ń mú ìdájọ́ òdodo wá. Kirrily, àròkọ tí mo ti yan nílé gan-an ni. Ó wà lórí mi látòkè délẹ̀, mo lè tú u sílẹ̀ ní ìdajì wákàtí. Ọwọ́ mi ò kọ ọ́. Àròkọ yẹn kàn ń yìn wọ́n ni, kò gé nǹkan kan. Mo fa ìlà sábẹ́ ṣàgbéyẹ̀wò, mo sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé méjìlá dára, torí ohun tí ojú kan ò rí, òmíràn lè ti rí i lójú títì. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ pé ẹni tó bá dákẹ́ nítorí pé ìwé rẹ̀ kéré, àga òfìfo ni wọ́n kà mọ́ èèyàn, òfin sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fi mọ̀ pé ohun tó mọ̀ jẹ́ ìmọ̀. Mo mú òfin mẹ́ta sí i láti fi ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí aago dún, Doreen gbà á, ó kà á lórí ìdúró. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ká ìwé náà, ó wò ó sójú oòrùn bí ẹni pé ó fẹ́ rí inú rẹ̀.

"Èyí jiná," ló wí.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mi ò mọ ohun tó máa jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì lè kùnà. Ohun tí mo fẹ́ kó o fi ránṣẹ́ kò pọ̀. Aago ọwọ́ kan, èyí tó ní ọwọ́ nínú, torí wọ́n ní kéèyàn bọ́ ọ sórí tábìlì, wọn ò sì gba irú èyí tó ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n á kà á sí ẹlẹ́rìí. Owó kọ́ ni mò ń béèrè lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ bó o bá fi díẹ̀ sí i mi ò ní bá ọ jà, bàtà bàbá rẹ ti lanu. Kó o sì kọ ìbéèrè kan fún mi, èyíkéyìí, kó o lẹ̀ ẹ́ pa. Má kọ ìdáhùn sí i.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohùn rẹ há sí ọ lọ́fun níbi tó ti yẹ kó o sọ̀rọ̀. Kó má jẹ́ kí oòrùn ràn sí ọ lójú lọ́jọ́ tí ojú rẹ gbọ́dọ̀ ríran. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka èèyàn, kí wọ́n kà ọ́ mọ́ ọn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Glenys.

Mo gbàgbé. Kéèkì wà nínú àpótí yìí, Doreen ló yan án, ó rí róbótó. Bébà tí mo fi wé e, àròkọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni. Kà á tó o bá ráyè, ó kọ dáadáa. Kì í kàn ṣe ohun tí wọ́n béèrè ni.