Íńṣì Márùn-ún Péré Ni Ọ̀nà Ilé

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun lásìkò? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Bí o bá béèrè wa, àlàáfíà la wà, àfi ìyá rẹ tó máa ń sáré sójú fèrèsé nígbàkígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá, tí á máa juwọ́ sí i. Mo ní o ò sí nínú ìyẹn, ó ní ta ló mọ̀.

Mo rí ohun tí o kọ, pé o ò ní lè wálé lọ́dún yìí náà, pé ọ̀nà jìn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Aránṣọ ni mí, n kì í gba ìwọ̀n tí mi ò fọwọ́ ara mi wọ̀n. Ni mo bá mú téèpù mi, ó di ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, torí òun ló lẹ máàpù ayé mọ́ ògiri. A bẹ oníbàárà kan tí wọ́n ti fá orí rẹ̀ dé ìdajì pé kó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, torí orí náà bo pápákọ̀ òfurufú tiyín. Mo fi ìdí téèpù lé tiwa, mo nà án dé tiyín. Íńṣì márùn-ún! Mo tún fi ìdajì kún un fún ojú rírán, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá ń sanra. Ọmọ mi, apá aṣọ ọmọ ọwọ́ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ ilé kejì ní wọn kì í wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó fi ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń gbà hàn wá, ó tẹ̀ bí ọwọ́ ife. Mo ní kí ló dé tí awakọ̀ ń yípo, ṣé kí owó ọkọ̀ lè pọ̀ ni? Ìyá rẹ ní kí n má bú ọmọ ọlọ́mọ, bóyá ó fẹ́ já èrò sílẹ̀ lọ́nà. Olùkọ́ ní ayé ló rí roboto. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọn ikùn roboto, kò sí èyí tí téèpù mi ò yí ká.

Ó tún ka àkókò fún wa. Ó ní torí pé apá ìlà oòrùn ayé lo wà, bí o bá gbéra lọ́hùn-ún láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán ò ní tíì mú tí wàá ti balẹ̀ síbí lọ́jọ́ kan náà, àmọ́ bí o bá gbéra níbí láàárọ̀, òru ni wàá débẹ̀. Ó ń ṣàlàyé nǹkan kan nípa aago, mi ò gbọ́ ọ dópin, torí ọ̀rọ̀ ti yé mi: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wíwálé, pípadà ló jẹ́ òkè. Bí pípadà bá wá nira tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń lé ọ? Jókòó tì wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, o mọ̀ pé mi ò ní ṣàì béèrè. Èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, jọ̀wọ́, má fi ránṣẹ́ mọ́. Kó o jọ, kí o fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti ra aṣọ kan fún ọ, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo mú sísọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ò lọ. Èmi tí mo wọn ayé, mi ò mọ ìwọ̀n ọmọ mi mọ́.

Kí Ọlọ́run gbé ọ wá bá wa láyọ̀, kí o bá wa lójú ayé. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.