Obìnrin Tó Jókòó síbi Tí Wọn Kò Pín Fún Un

Yàrá Kẹsàn-án,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Bélú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú àmúmọ́ra èmi náà. Ṣé ara yín ti le dáadáa? Ẹsẹ̀ Màmá tó wú ńkọ́, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Bùrọ̀dá ńkọ́, ṣé ìwé ìròyìn ṣì ni wọ́n fi ń bojú sùn lẹ́yìn oúnjẹ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi àìlera kí ara wa.

Àlàáfíà ni mo wà, lọ́tẹ̀ yìí mi ò sì purọ́. Ẹ ó rántí pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ẹni tí kò bá la ẹnu rẹ̀ ní kíláàsì kí sáà yìí tó parí kò ní yege. Mo kọ̀wé sí yín nígbà náà pé mò ń bọ̀ wálé, ẹ ní kí n ṣe sùúrù. Ẹ ṣeun. Mo ti tú ẹrù mi.

Ìtàn àròsọ àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà là ń kà. Ó dá lórí àwọn Píúrítánì, àwọn onígbàgbọ́ líle tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ tẹ ìlú tuntun dó. Wọ́n fẹ̀sùn kan opó kan níbẹ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbà ìjọ láìdáa. Wọ́n mú un dúró ní gbangba, gbogbo ìlú wá wò ó, kò sì fèsì kankan. Nígbà tí ìwé náà ń parí lọ, ó wọ ilé ìjọsìn, ó kọjá lára gbogbo wọn, ó lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó gómìnà. Ìwé parí síbẹ̀. Òǹkọ̀wé kò ṣàlàyé.

Olùkọ́ bi wá pé kí ni ìjókòó yẹn túmọ̀ sí. Ọmọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Lọ́yà, nítorí pé kò jẹ̀bi rí. Ó dìde, ó ní obìnrin náà ti ronú pìwà dà ni, ó fẹ́ gbọ́ ìwàásù dáadáa ló ṣe lọ síwájú. Gbogbo kíláàsì ń mi orí bí alángbá.

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibí ni mo rántí. Mo jókòó sí àga kan lẹ́bàá fèrèsé, ọmọbìnrin kan wá dúró lé mi lórí. Ó ní, "Ibí yìí ni mo máa ń jókòó o." Wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára àga, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ni ibì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi tèmi ríran lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè kíyè sí i pé òǹkọ̀wé yìí kì í gbàgbé láti sọ ibi tí kálukú jókòó sí. Mo ti lọ wádìí ní ilé-ìkàwé kí kíláàsì náà tó dé. Àṣé àwọn àgbà ló ń pín ìjókòó nínú ilé ìjọsìn wọn láyé ìgbà yẹn! Wọ́n á wo ọjọ́ orí, ọrọ̀ àti iyì ìdílé, wọ́n sì lè bu ìtanràn lé ẹni tó bá jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lọ́yà kò tíì jókòó. Mo ṣáà gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Lọ́yà bojú wẹ̀yìn. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé ògiri ni?"

Mo ní, "Èmi ni." Mo dìde, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìjókòó náà fún wọn. Mo ní, "Kò wá tọrọ àforíjì o. Ẹnu ni wọ́n fẹ́ kó fi dáhùn ní gbangba, ìdí ló wá fi dá wọn lóhùn."

Ẹ̀rín sọ. Olùkọ́ alára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Lọ́yà kò fẹ́ gbà: "Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ṣófo ńkọ́?" Mo ṣí ojú ìwé náà fún un. Àyè opó náà lẹ́yìn ṣófo sílẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tiẹ̀ ti sún fún un. Lọ́yà kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ó dáa, mo gbà." Ni kíláàsì bá pàtẹ́wọ́. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, àṣé wọn ò gbọ́ "mo gbà" lẹ́nu rẹ̀ rí!

Mo tún ní mi ò rò pé ìkà ni gbogbo ará ìlú náà. Àlejò ni wọ́n nínú igbó tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan lè fa ìbínú Ọlọ́run sórí gbogbo wọn. Ẹni tẹ́rù ń bà, ọrùn ẹnìkejì ló máa ń dì mú. Olùkọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ, kí àwọn tó wà níwájú lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ní mo ti yege, àti pé èmi ni n ó ṣáájú ìjíròrò lórí ìwé tó kàn.

A jáde tán, Lọ́yà àti àwọn mélòó kan tẹ̀ lé mi dé orí àtẹ̀gùn, wọ́n ń bá mi jiyàn. Iyàn náà bá wa dé ilé oúnjẹ, oúnjẹ tutù mọ́ wa lọ́wọ́, a kò sì tíì parí rẹ̀ títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ bá mi kí Màmá àti Bùrọ̀dá, kí ẹ gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Yàrá tí ẹ ti gbá sílẹ̀ dè mí, ẹ kó wọn sí i. Bí ẹ bá sì pè mí lórí fóònù, tí ẹ gbọ́ pé ohùn mi há, ẹ má fi oògùn ikọ́ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tẹ́nu rẹ̀ ti là,
Awòmásọ.