Onígbàjámọ̀ Tí Irun Rẹ̀ Sá Lọ Lásìkò Kòrónà

Ọmọ mi, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí tó dà bí igba,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ilé, báwo ni ọkọ rẹ àti ìkókó tí mo ṣì mọ̀ nínú fọ́nrán nìkan? Mo mọ̀ pé àlàáfíà lẹ wà, torí mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́ kí n tó mú bírò. Àrùn tó ń kiri ìgboro yìí kò ní mọ ojúlé yín, bó bá tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ẹ ò ní gbọ́. Ìyá rẹ kí ọ. Ó jókòó síwájú mi níbí, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó ní kí n kọ òótọ́ nípa àìsàn mi, kí n má fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní àwàdà ni mo fi ń rù ú, bí mo bá sọ àwàdà kalẹ̀, kí ni kí n wá fi rù ú?

Òótọ́ náà rèé. Jẹjẹrẹ ọrùn mi, èyí tí mo kọ́kọ́ rò pé irọ̀rí líle ló fà á, ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń fà sí mi lára ní ọsibítù ti ń bá a wí. Àléébù oògùn náà ni pé kò mọ ẹni tó ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Ó na jẹjẹrẹ, ó na ikùn mi, ó wá kọjú sí irun orí mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo rí irun lórí irọ̀rí, mo pariwo pé ológbò ta ló wá sùn tì mí? Ìyá rẹ wo irọ̀rí, ó wo orí mi, ó ní ológbò náà ti bá mi gbé pẹ́. Ọmọ mi, èmi tí mo ti gẹ irun ọlọ́pàá, tí mo gẹ ti tíṣà, tí mo gẹ ti ọkọ ìyàwó tó ń gbọ̀n, irun tèmi kò dúró kí n gẹ̀ ẹ́. Àwòrán oríṣiríṣi orí ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí èyí tó jọ tèmi nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù náà sì wà ní títì, wọ́n ní àwa onígbàjámọ̀ máa ń sún mọ́ èèyàn jù.

Dókítà sọ fún mi pé oògùn yẹn ti dín àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ mi kù, pé bí kòrónà bá rí mi, kò ní sí ẹni tó máa bá mi dá a dúró. Mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ ogun kún un. Ó ní ilé ni kí n jókòó sí, kí n máa fọwọ́, kí n máa wọ ìbòmú. Kó má baà dà bíi pé mo ṣe é lábọ̀, mo wọ ìbòmú sùn, mo sì gbìyànjú láti fi mu omi lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ mi ló mu omi náà.

Kí èrò má baà pọ̀ ní ọsibítù, dókítà ní inú fóònù lòun á ti máa rí mi. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó rẹ, mo ní kí ìyá rẹ gbá yàrá. Nígbà tí fóònù ké, mo gbé e sétí bí ọmọlúàbí. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan, pé ó ṣókùnkùn biribiri. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti mú iná lọ lọ́dọ̀ yín. Ó ní rárá, bàbá, inú etí yín ni mò ń wò. Ó ní etí náà mọ́ o, ṣùgbọ́n ọrùn lòun ń wá.

Ìyẹn kéré. Obìnrin kan tún pè mí láti ọsibítù. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Bóyá ọ̀dọ̀ yín níléeṣẹ́ fóònù ló ń jókòó sí, bá mi kí i, kó o sì bá mi sọ fún un pé ìwà lẹwà. Ó ní bí mo bá ń bọ̀ wá gba oògùn, kí n tẹ ọ̀kan, mo tẹ ọ̀kan. Kò dákẹ́, ó ní bí mi ò bá ní lè wá, kí n tẹ méjì, mo tẹ méjì. Ṣé ẹni tó ń ṣàìsàn máa ń bá ọsibítù jiyàn ni? Gbogbo ohun tó ní kí n tẹ̀ ni mo tẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, inú mi dùn pé ó mọ ọpẹ́ dá.

Nígbà tí ọjọ́ oògùn pé, èmi nìkan ni mo lọ, torí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sin aláìsàn wọlé mọ́. Ọkùnrin tó ń wọn ìgbóná ara lẹ́nu géètì na nǹkan bí ìbọn sí mi níwájú orí, kíá ni mo ká ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní ẹ̀mí mi ni kẹ́ ẹ dá sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n wo orúkọ mi, kò sí. Wọ́n ní èmi fúnra mi ni mo sọ pé mi ò wá. Ọmọ mi, mo jókòó sórí òkúta ìta. Kì í ṣe àwàdà mọ́. Mo ronú pé bí oògùn yìí bá fò mí, ọrùn mi á tún wú, ìka mi tí kò mọ ibi tó ń tẹ̀ ló máa wá pa mí.

Nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ-fọwọ́-yín ló jáde wá. Ó ní ẹ dìde, bàbá, àga kan ṣófo. Mo bi í léèrè àga ta ni. Ó ní ti Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, kò wá lẹ́ẹ̀kejì rèé.

Ara mi bù máṣọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì yìí, ọmú ni tirẹ̀ ti ń ṣe é. Kí kòrónà tó dé, ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń jókòó sí bí oògùn bá ń kán sí wa lára, á bú mi, èmi náà á bú u, ọjọ́ á lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àga wa jìnnà síra, tí ìbòmú bo ẹnu, ojú la fi ń bú ara wa. Ibi tí mo jókòó sí nínú àga rẹ̀, tí mo ń ro oògùn tirẹ̀ tí kò wá gbà, ni mo ti pè é lórí fóònù. Mo ní ṣé kòrónà lẹ ń sá fún ni? Ó ní rárá.

Ó ní ọjọ́ tóun wá kẹ́yìn, ọkùnrin ẹnu géètì ní kóun sún gèlè sẹ́yìn kóun lè rí iwájú orí. Ó sún un, gèlè já bọ́, ìdì irun tí oògùn ti tú lórí rẹ̀ bá gèlè lọ. Ó ní àyè tí wọ́n ní kí àwọn tó tò fi sílẹ̀ láàárín ara wọn ni gbogbo wọn fi ríran dáadáa. Ó ní kí àìsàn máa ṣe tirẹ̀, òun ò tún gba géètì yẹn kọjá mọ́.

Mo wá àwàdà tí màá ṣe, mi ò rí. Èmi tí o mọ̀ yìí. Ohun tó wá jáde lẹ́nu mi ni pé iṣẹ́ mi rèé, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín gẹ èyí tó kù, kó lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, kó má jẹ́ pé níwájú èrò ló ń lọ.

Ẹ-fọwọ́-yín gbọ́. Ó ní bó bá di dandan, ìta gbangba ni, kí àwa méjèèjì wọ ìbòmú, kí n fi oògùn apakòkòrò nu kílípà, kí n má fi abẹ kan orí rẹ̀ torí ẹ̀jẹ̀ wa kì í tètè dá. Mo lọ. Ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì tó ti tutù, ló jókòó sí, ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lọ́nà jíjìn. Mi ò tíì sọ fún ọ pé oògùn ti mú orí ìka mi kú. Onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ ń gbọ̀n! Bí oníbàárà bá rí mi láyé àtijọ́, á gbé orí rẹ̀ sá. Mo fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú, mo rọra ń lọ. Omijé ń bọ́ sínú ìbòmú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ títí, ó wá ní kí n ṣí fìlà kóun rí èyí tí mo ń gbé kiri. Mo ṣí i. Ó ní ó dà bíi búrẹ́dì tí ìwúkàrà ò kàn dé ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ta ló rán irú èyí sí ayé? A rẹ́rìn-ín títí mo fi ní láti jókòó sílẹ̀, èémí mi ń já.

Nígbà tí ọjọ́ oògùn tún pé, ó wá. Kò wé gèlè. Láti òkèèrè ló ti gbé orí síwájú bí ẹni tó ń gbé ife ẹ̀yẹ, ọkùnrin ẹnu géètì sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Dókítà ní wíwú ọrùn mi ti fà. Kò tíì tán o, ṣùgbọ́n ó ti fà. Ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, iṣẹ́ abẹ ló kù, wọn ò sì tíì máa ṣe é torí kòrónà. Ó ní òun ń dúró, pé ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ti mọ ìdúró. Mi ò mọ bó ṣe máa rí. Fi í sádùúrà.

Ọmọ mi, owó ọkọ̀ ti wọ́n, torí èrò díẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń gbé, àwa díẹ̀ yẹn la sì ń san ti àga tó ṣófo. Fi nǹkan ránṣẹ́, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìyá rẹ náà ní ọṣẹ ti tán. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tún fi owó sínú fóònù. Èyí tó o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi rán ẹni tó lẹ́sẹ̀.

O ní o fẹ́ gbé ọmọ wá kí n rí i bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà. Má tíì wá. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Bí o bá yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ yẹn lọ́wọ́, mi ò ní lè sọ pé kẹ́ ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo mọ ara mi, màá sáré pàdé yín. Ìdí tí mo fi ní kó o má tíì wá nìyẹn.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni rere, ìwọ ni wọ́n á rí. O ò ní jókòó sórí òkúta ìta. Ọmọ tí ò ń gbé pọ̀n, ìwọ náà á dàgbà débi tí á fi máa ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ, tó sì ń lé ọ padà.