Mọ́kànlá Ló Wọlé, Ẹyọ Kan Ló Jáde

                                        Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, àbí ó ṣì ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ tí àwọn ọmọ bí? Àwa náà ń bẹ. Ara mi le, a dúpẹ́. Ojú nìkan ló ń ṣe bàìbàì, ìdí nìyẹn tí ìlà ìwé mi fi ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Fara dà á.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ìwọ tí o kàwé agbẹ̀bí, o bi mí pé èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìwé kejì, kí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ nínú ilé. O tún rẹ́rìn-ín sí i, mo gbọ́ ẹ̀rín náà láti inú ìwé. Mi ò fèsì nígbà náà, nítorí ẹnu lásán kọ́ ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn. Ó ti yá wàyí. Jókòó dáadáa.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, èyí tí a ń pè ní Abéèrè-bí-ọlọ́pàá, pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì lè ka ìlà ìwé kan délẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ní ojú fèrèsé ló máa ń wò láti àárọ̀ títí agogo yóò fi lù, ó sì kọ ọ́ sínú káàdì pé orí ọmọ náà kò gba nǹkan. Mo ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; ọmọ tó ń wo nǹkan kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, ọmọ mi wẹ́dà, ti pinnu láti rán an lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń sùn sí, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́dún la ó máa rí i. Ó ti jó irin pọ̀, ó ti fi ṣe àpótí tí ọmọ yóò kó ẹrù sí pàápàá. Mo ní kò sí ibi tó ń lọ, kó fún èmi àti ìyàwó rẹ̀ ní ọdún kan. Ó ní, "Màmá, agídí kì í kọ́ ọmọ níwèé." Mo ní, "Òun ni mo fi kọ́ ọ rìn." Ló bá gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí ọdún bá pé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ yóò wá dán ọmọ wò nílé. Bí kò bá yege, kí a di ẹrù.

Ìyá rẹ̀, aránṣọ, ń kọ́ ọ ní a, b, d láàárọ̀ nídìí máṣíìnì. Bó bá di ìyálẹ̀ta, ó di tèmi, ẹ̀yìnkùlé sì ni kíláàsì mi. A fi téèpù ìyá rẹ̀ wọn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun lójoojúmọ́ títí ewé náà fi tú tán. Ẹsẹ̀ èèrà ló fi mọ ìṣirò mẹ́fà-mẹ́fà, ẹsẹ̀ aláǹtakùn ló fi mọ mẹ́jọ-mẹ́jọ. A wá ẹlẹ́sẹ̀ méje títí, a ò rí, la bá fi ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ ṣe é. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún un: ohunkóhun tó bá rí lójúmọ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé, bó ti wù kí lẹ́tà rẹ̀ wọ́ tó.

Nígbà tó yá, agbọ́n kan wá ń fi amọ̀ kọ́lé sí igun fèrèsé yàrá ìránṣọ. Mo sọ ohun tí ìyá wa sọ fún èmi àti ìwọ: pé agbọ́n yìí kì í bímọ, kòkòrò ajẹwé ló máa ń jí gbé, yóò tì í mọ́nú amọ̀, yóò máa kùn sí i létí pé "jọ mí, jọ mí," títí yóò fi hu ìyẹ́ tí yóò di agbọ́n. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ ti tú u wò rí?" Mo ní ṣé ó dìgbà tí mo bá fọ́ ìkòkò kí n tó mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá ti mu ún tán ńkọ́?"

Inú bí mi, torí ọ̀rọ̀ ìyá wa ló fẹ́ sọ di irọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ̀ pé a kì í fọ́ ilé onílé. Lọ́jọ́ kẹrin mo ní kó mú ọ̀bẹ wá, torí mo fẹ́ kí ojú tì í. Àbúrò mi, ojú tèmi ló tì. Kòkòrò ajẹwé kún ibẹ̀, wọ́n wà láàyè, wọn ò kàn lè rìn. Ìdin funfun kan wà láàrin wọn, ó ń jẹ ọ̀kan lọ ní tirẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ìyá àgbà, oúnjẹ ni wọ́n. Agbọ́n bímọ."

Mo ní bóyá agbọ́n tiwa ló ya pòkíì. Kò bá mi jiyàn. Agbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀ ilé kejì, ló bá gbé àga kékeré sí ìdí fèrèsé, ó ń ka iye kòkòrò tó ń gbé wọlé. Mọ́kànlá. Nígbà tí agbọ́n dí ẹnu ilé, ọmọ gba àjákù aṣọ aláwọ̀n lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi bò ó, ó ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, agbọ́n ẹyọ kan jáde. Èmi tún dúró di ọjọ́ kejì, pé bóyá àwọn mẹ́wàá yòókù ṣì ń múra.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òṣìṣẹ́ ìjọba dé, obìnrin kan tó fi okùn so jígí ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ọmọ mi fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti jígí iṣẹ́ níwájú orí. Obìnrin náà gbé ìwé kan fún ọmọ pé kó kà. Ó ka ìlà kìíní, ó kọsẹ̀. Ó ka ìkejì, ó kọsẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo rí i tí bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Obìnrin náà ti ń pa fáìlì rẹ̀ dé kí ojú rẹ̀ tó kan amọ̀ tó wà nígun fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo jọ-mí-jọ-mí. Ìyá mi náà máa ń sọ ọ́ fún wa, pé ó ń sọ ọmọ kòkòrò di tirẹ̀."

Ọmọ náà ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀, mà."

Wẹ́dà wúkọ́. Obìnrin náà ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ọmọ dìde, ó gbé ìwé rẹ̀ wá, ó ń kà á: ọjọ́ tí agbọ́n bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tó bu amọ̀, mọ́kànlá tó wọlé, ẹyọ kan tó jáde, awọ gbígbẹ tó kù nílẹ̀ ilé. Ojú ewé mẹ́rìnlá, àbúrò mi, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tilẹ̀ ka ibi tó kọ ọ́ sí pé, "Ìyá àgbà ní wọ́n á di agbọ́n. Èmi kò tíì rí i." Obìnrin náà bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ọmọ nawọ́ sí mi, ó ní, "Àwọn ni wọ́n ní kí n máa kọ ohun tí mo bá rí. Wọn ò ní kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ."

Obìnrin náà kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ nílé. Ọmọ mi wẹ́dà gbé àpótí irin yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dá ihò fèrèsé sí i lára, ó fi àwọ̀n irin dí i. Kòkòrò ló ń gbénú rẹ̀ báyìí.

Àbí o ò rí nǹkan? Wọ́n já mi nírọ́ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, nínú ilé mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ló sì ṣe é. Mi ò yangàn tó báyìí rí láyé mi. Látìgbà tí wọ́n ti bí i ni mo ti ń kùn sí i létí pé jọ mí, jọ mí. Kò jọ mí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, mo gbé e dání fún ọgọ́ta ọdún. Òun tú u wò.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o pariwo kó lè gbọ́. Kí gbogbo àwọn ọmọ. Abéèrè ní kí n bi ọ́, ìwọ tí o gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún: nínú ohun tí ìyá wa sọ nípa ọmọ bíbí, èwo lo tú wò tí kò rí bẹ́ẹ̀? Kọ ọ́ ránṣẹ́. Má rẹ́rìn-ín sí i.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í tètè gbà,
                                        Olóríkunkun.