Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Gbà

Ọjọ́bọ̀, Yaba

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún kejì rè é tí Kúnlé ọkọ mi ti ń retí mi lókè òkun, orúkọ ẹyọ kan ló sì fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Òyìnbó tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní ẹ́ńbásì bi mí pé ta ni mò ń bá gbé. Mo ní àbúrò ọkọ mi obìnrin ni. Ó ní kí lorúkọ ẹ̀. Mo ní, "Adúmáadán." Ó wo bébà tí Kúnlé kọ, ó ní Fúnmiláyọ̀ ló rí níbẹ̀, ṣé ó dá mi lójú pé mo mọ ìdílé ọkọ mi.

Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún un pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ? Mo gbìyànjú ẹ̀, ó kàn ń kọ̀wé lọ ni. Ó ní kí àwa méjèèjì jọ wá ní Mọ́ńdè.

Kúnlé wá ń jágbe mọ́ mi lórí fóònù, bí ẹni pé kì í ṣe ìyá ẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo fún àbúrò ẹ̀ lórúkọ yẹn.

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ ṣáà máa pè mí ní Fúnmi títí di Mọ́ńdè."

Mo dúró ní kíṣìnì, mò ń sọ Fúnmi, Fúnmi, bí ẹni ń há Bíbélì sórí. Ìrẹsì jinná, mo bu tiẹ̀, mo ké sí i.

"Adúmáadán, ẹ wá jẹun o."