Ọ̀rọ̀ Tó Há Sínú Bátìrì

Abúlé Ọ̀ṣìnúbí,
Ọ̀nà Adó-Odò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Àlàrùbá.

Ìyádùnní, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àléékùn. Báwo ni Àbújá? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni òtútù tí o ní ó máa ń mú yín níbẹ̀ láàárọ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, kí ẹni tó ń gbé e bọ̀ má ṣe pàdé aburú lọ́nà. Bí o bá béèrè tèmi, ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń ṣe àgàbàgebè. Bí mo bá ń lọ sóko, á máa dùn mí, bí wọ́n bá ní kí n wá jẹun, kò ní dùn mí mọ́.

Ilé dára. Páànù ẹ̀yìnkùlé tí ìjì ká lọ lọ́jọ́sí, a ti kàn án padà. Ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀, Ọlọ́run kí ó tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun náà ti di ìyá, ó bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan ní funfun lórí bí ẹni wé gèlè. Dúrójaiyé aládùúgbò wa kí ọ. Kò tíì dẹ́kun gbígba àwọn tí kò bi í léèrè nímọ̀ràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo mọ̀ pé a ti jọ sọ̀rọ̀ lánàá, o sì ti gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹkún kò jẹ́ kí n ṣàlàyé, owó inú fóònù náà sì tán kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Fara balẹ̀ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti ń darúgbó. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, bí mo bá gbé e lọ gba iná lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń gbà, máàkì yẹn á sì gbé e dé ọjọ́ kejì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi. Mo lè fi í sílẹ̀ lórí àádọ́rùn-ún kí n lọ kírun Àsárì, kí n tó sàlámà, ó ti já sí méjìlá. Mo máa ń bá a wí gan-an ni, mo ní gbogbo ìwé tí a rán ọ lọ kà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, níbo lò ń dà á sí? Lẹ́yìn èyí ni ibà mú un, ara rẹ̀ á gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí n kò ní lè gbé e sápò. Dúrójaiyé ní kí n máa tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi kí ó lè fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga díẹ̀díẹ̀, Dúrójaiyé ní ó ń sanra ni, pé ìtọ́jú náà ti ń jẹ́. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí o pè mí yẹn, orí bẹ́ńṣì iwájú ilé ni mo wà. O ní ọkùnrin kan wà, Adébọ̀wálé lorúkọ rẹ̀, káfíńtà ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ Ọlọ́run. Ohùn rẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. O ní ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́ ti kú, ó fi ọmọbìnrin ọdún márùn-ún sílẹ̀ fún un, Olúwabùkúnmi lọmọ náà ń jẹ́. O ní Bàbá, ṣé ẹ gbà kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá rí yín?

Mo dáhùn. Ọmọ mi, mo dáhùn dáadáa. Mo ní mo gbà. Mo ní ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ìyá rẹ ló bí ẹ̀gbọ́n rẹ Hàlímọ̀tù, Hàlímọ̀tù ń rákò nígbà tí wọ́n mú ìyá rẹ wọlé mi. Ọjọ́ tó wọlé yẹn, wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó, ọmọ tó ń sunkún ló kọ́kọ́ gbé pọ̀n. Mo ní ẹni tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bí lọ́mọ, ta ni yóò máa bẹ̀rù pé kò ní lè tọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. O kò dá mi lẹ́nu kò rárá. Mo ní ẹ wo ọmọ tí a kọ́, ó dákẹ́ kí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Mo wá bọ́ sórí àdúrà. O kò ṣe àmín, mo ní ẹkún ayọ̀ ni kò jẹ́, mo bá ọ ṣe é. Nígbà tí mo gbé fóònù kúrò létí, ojú rẹ̀ ti ṣú. Mo tún yìn ín. Mo ní ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó fúnra rẹ̀ lọ sùn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi sùn. Iná onígbàjámọ̀ kò jí i. Èmi ò fòyà, mo ní iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ló pọ̀ jù fún un. Mo ń múra àlejò ní tèmi. Mo roko iwájú ilé, mo bá Dúrójaiyé sọ̀rọ̀ àga mẹ́fà, mo ti fi tó lèmọ́mù létí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ojú ilé ní ọ̀dà funfun. Ohun tí n kò kàn mọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, mo sì ń retí kí o pè. Ní òwúrọ̀ Àtàláátà, Dúrójaiyé ní kí n fi òrí pa fóònù náà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìmọ̀ràn ti tán lápò rẹ̀. Mo wọ mọ́tò, ó di Ṣàngó.

Ṣàngó tí mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́, n kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ní Toll Gate, ẹni tó ń ta bàtà ń pariwo, ẹni tó ń pèrò Ìfọ̀ ń pariwo, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ òpó náà ń dá pariwo tirẹ̀ láìsí èèyàn nídìí rẹ̀. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin kan fún mi, Déọlá, wọ́n ní kò sí fóònù tí kò lè jí. Ó kí mi tìfẹ́tìfẹ́. Ó fún mi ní ìwé pé kí n kọ orúkọ ẹni tó ni ín, mo kọ tìrẹ, torí ìwọ lo rà á. Ó ní kí ni nọ́ńbà àṣírí tí a fi ń ṣí i. Mo ní kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ kọjú sógiri ná, mo sì rọra sọ ọ́ sí i létí. Jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí ó gbọ́. Mo tún un sọ, kò tún gbọ́. Ìgbà kẹta ni mo fi gbogbo agbára sọ ọ́, ẹni tó ń ta bàtà lódì kejì títì sì gbọ́ ọ. A ti yí i padà báyìí. Ọdún tí a bí ọ la fi sí i, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní kí n lọ ra nǹkan lọ́jà kí n padà wá ní wákàtí kan. Mo ní rárá, a kì í gbé aláìsàn fún ẹni tí a kò mọ̀ rí kí a máa ná ọjà kiri. Mo jókòó tì í. Obìnrin kan tó gbé fóònù tirẹ̀ wá sún fún mi lórí bẹ́ńṣì.

Déọlá fi irin tín-ín-rín tú ẹ̀yìn fóònù náà. Ó kígbe. Ó ní Dádì, ẹ wá wò ó fúnra yín, bátìrì yín ti wú bíi búrẹ́dì, Ọlọ́run ló yọ yín, ó lè gbiná mọ́ yín lápò. Mo ní ṣé kì í ṣe pé ó sanra? Ó ní bátìrì kì í sanra. Ó ní irú èyí, èèyàn á máa fi í sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á kàn kú lójijì. Mo ní tó bá kú báyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo bá ń sọ lọ, ṣé ẹni tó wà lọ́hùn-ún á ṣì máa gbọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò gbọ́, Dádì? Ẹ ó kàn máa bá ara yín sọ̀rọ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ohun tí mo sọ! Hàlímọ̀tù, ìyá rẹ, àdúrà, àmín. Ó kúrò lẹ́nu mi, kò sì dé etí rẹ, níbo ló wá wà? Mo wo bátìrì tó wú yẹn, ó yé mi kíá. Láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀yìn fóònù náà ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mi ló há sínú rẹ̀ tó ń wú. Mo bẹ Déọlá kí ó bá mi fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè jáde. Ó lọgun yéè, ó ní Dádì ẹ fẹ́ sun mí ní ṣọ́ọ̀bù! Ó gbé e, ó rì í sínú báàkẹ́tì iyanrìn. Obìnrin tó sún fún mi ní kí wọ́n wá omi tútù fún bàbá.

Déọlá fi bátìrì tuntun sí i. Fóònù náà tan, ó kọ orin tó máa ń kọ tó bá jí, iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan lórí èkejì, mẹ́sàn-án. Mo ti gbàgbé awò ojú mi sílé, nítorí náà Déọlá ló kà á fún mi. Nínú àkọ́kọ́, o ní Bàbá, fóònù gé. Nínú èkejì, o ní ò ń pè, kò wọlé. Nínú ẹ̀kẹta, o béèrè bóyá mo bínú ni. Bí ó ti ń kà á lọ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, ti ọjọ́ Àìkú, o ní o ti mọ̀ pé n kò gbà. O ní o kò sọ fún Hàlímọ̀tù tàbí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà máa bẹ̀ mí. O ní o ti sọ fún Adébọ̀wálé kí àwọn èèyàn rẹ̀ má wá mọ́, torí o kò ní fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ kò fẹ́, kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú sí ọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá tí mo fi ń kun ilé ni ìwọ fi ń sunkún. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó ṣì ń dùn mí. Mo ní kí Déọlá pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun kò tíì dé ẹ̀yìn rẹ̀ pa, mo ní kí ó pè ọ́ pẹ̀lú ìhòòhò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. O mọ ìyókù. O kò tíì sọ pé ẹ ǹlẹ́ Bàbá tí mo fi pariwo pé mo gbà, mo gbà, mo gbà. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé obìnrin orí bẹ́ńṣì náà bú sẹ́kún ju èmi lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé iṣẹ́ fi pijin béèrè pé wetin Papa gbà, wọ́n ṣàlàyé fún un, ó sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí o sọ pé Bàbá, ẹ ṣeun, ara mi fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀. Mo sun oorun àsùnyó nínú mọ́tò, wọ́n gbé mi kọjá abúlé wa.

Nínú iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, o ní inú Adébọ̀wálé dùn, àmọ́ bàbá rẹ̀ ní ẹnu ni wọ́n fi ní kí òun má wá, òun kò ní gbéra àfi tí òun bá rí ìwé ọwọ́ mi. Ó jàre. Èmi náà kò ní fi ọ̀rọ̀ ńlá rán bátìrì mọ́ láyé. Nítorí náà, mo fa ìlà kan sísàlẹ̀ ìwé yìí. Fi sáàsì gé e níbẹ̀, apá ìsàlẹ̀ ni kí o fún wọn. Má jẹ́ kí wọ́n rí ti òkè, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ tọrọ owó.

Jọ̀ọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀dà tán mi lọ́wọ́ nígbà tí mo dé ojú fèrèsé, ilé wá rí bí ẹni tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì. Kí o sì fi owó bátìrì kejì kún un. Nílé iṣẹ́ tí mo ti ṣọ́ géètì, àwa méjì la máa ń pín in ṣe, bí ọ̀kan bá ń ṣọ́nà, èkejì á sinmi. Déọlá ní wọn kì í ṣe bátìrì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ni.

Gé e níbí o.

_______________________________

Sí Bàbá Adébọ̀wálé, àna mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú ìyàwó ọmọ yín tó lọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀. Èmi Múìdéènì Ṣóbándé, bàbá Ìyádùnní, ni mo fọwọ́ ara mi kọ èyí, ara mi yá, orí mi sì pé. Ẹ yan ọjọ́ tó bá wù yín kí ẹ máa bọ̀, àga ti wà nílẹ̀.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn máa ń fi ọmọ sílẹ̀ sílé lọ́jọ́ irú èyí, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ mú Olúwabùkúnmi dání, kí ó wá mọ bàbá rẹ̀ àgbà. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, èyí tó ní funfun lórí, tirẹ̀ ni. Ìyàwó mi ni ì bá fún un, èmi ni mo bá a fún un.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Kí ó fi ìfẹ́ sáàárín àwọn ọmọ wa, kí ọmọ tó wà nílẹ̀ gbó, kí àwọn tó ń bọ̀ bá a níbẹ̀. Àmín.

Bíríò yìí ti ń kọ díẹ̀, ó ń dákẹ́ díẹ̀. Mo ti mọ àmì yẹn. Kí ó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́, Ìyádùnní: mo gbà.

Bàbá rẹ,
Múìdéènì Ṣóbándé.